Nígbà tí ìpè dé ọ̀dọ̀ ọkọ, tí kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ aya

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olùdáhùn ìbéèrè wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí èmi àti ìyàwó mi ti ṣègbéyàwó, Ọlọ́run sì ti fi ọmọ mẹ́ta ta wá lọ́rẹ. Olùkọ́ ni mí. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ó ti ń hàn sí mi pé Ọlọ́run ń pè mí láti fi iṣẹ́ tí mo ń ṣe sílẹ̀, kí n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, kí n sì di olùṣọ́-àgùntàn. Àwọn alàgbà ìjọ wa kò ta kò mí; wọ́n ní àwọn náà rí ẹ̀bùn ìkọ́ni lára mi. Ìyàwó mi ni kò gbà. Ọmọ olùṣọ́-àgùntàn ni òun fúnra rẹ̀. Ó ní olùkọ́ ni òun fẹ́, òun kò fẹ́ pásítọ̀, àti pé òun mọ bí inú ilé pásítọ̀ ṣe ń rí. Bí mo bá tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, yóò dákẹ́, tàbí kí ó bú sẹ́kún. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wo ojú rẹ̀, pé Jésù sọ pé ẹni tí kò bá kórìíra aya rẹ̀ kò lè jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn òun. Mo fẹ́ràn ìyàwó mi, ẹ̀rù Ọlọ́run sì ń bà mí. Ta ni kí n gbọ́ràn sí lẹ́nu?

Olùkọ́ tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì

ÌDÁHÙN

Arákùnrin wa ọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí n ti orí ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni ó léwu jù lọ nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sí wa. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú Ìwé Lúùkù orí 14 ẹsẹ 26, Olúwa kò sì fi ṣeré. Ṣùgbọ́n nínú ẹsẹ kan náà ni ó ti ka ẹ̀mí ènìyàn fúnra rẹ̀ mọ́ àwọn ohun tí yóò kórìíra, kò sì sí ẹni tí ó ń kà á tí ó rò pé Olúwa ní kí òun ṣe ara òun léṣe. Ohun tí ó ń sọ ni pé kò gbọ́dọ̀ sí ìfẹ́ kankan tí yóò ga ju ìfẹ́ tí a ní sí òun lọ. Kò fún ọkọ kankan láṣẹ láti da ẹ̀jẹ́ tí ó jẹ́ níwájú rẹ̀ nù. Ẹsẹ méjì péré lẹ́yìn ìyẹn ni ó ti sọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tí yóò kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná òun. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ojú tí Jésù fi ń wo ẹni tí ó fi orúkọ Ọlọ́run bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe rẹ̀ nínú ilé, ẹ ka Máàkù orí 7, níbi tí ó ti bá àwọn kan wí nítorí pé wọ́n ní àwọn ti ya ohun ìní àwọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, kí wọ́n má baà fi tọ́jú bàbá àti ìyá wọn. Ó ní wọ́n sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. Mo gbàgbọ́ pé iṣẹ́ ìránṣẹ́ lè di irú ohun àyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ tí kò bá ṣọ́ra.

Ẹ béèrè ẹni tí ẹ ó gbọ́ràn sí lẹ́nu, bí ẹni pé Ọlọ́run dúró sí apá kan, tí ìyàwó yín sì dúró sí apá kejì. Èmi kò rí ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run tí ẹ ní ó ń pè yín yìí ni ó gbọ́ ẹ̀jẹ́ yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí kò tíì sí ìpè kankan nílẹ̀, kò sì tíì dá yín sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ kọ̀wé pé ìyàwó yín kò gbà, lẹ́yìn náà ni ẹ wá fi kún un ní gbólóhùn kúkúrú kan pé ọmọ olùṣọ́-àgùntàn ni. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, òun nìkan ni ó ti gbé inú iṣẹ́ ìránṣẹ́ rí. Ó lè jẹ́ pé ó rí ìyá rẹ̀ tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìjọ tọ̀sán-tòru láìgba owó oṣù, tí wọ́n sì tún ń ṣọ́ aṣọ tí ó wọ̀ àti ẹni tí ó kí àti ẹni tí kò kí. Ó lè jẹ́ pé bàbá rẹ̀ mọ orúkọ gbogbo ọmọ inú ìjọ, tí kò sì mọ kíláàsì tí ọmọ tirẹ̀ wà. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣí wọn nípò kúrò níbi tí ó ti ní ọ̀rẹ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí tí kò fi wá ọ̀rẹ́ mọ́. Ó sì lè jẹ́ ohun tí ó burú ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo lẹ́tà yín, n kò rí ibi tí ẹ ti sọ pé ẹ bi í léèrè.

Nítorí náà, kí ẹ bi í. Kí ó jẹ́ ọjọ́ tí kò sí fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì lórí tábìlì, tí kò sì sí ìpinnu kankan tí ẹ fẹ́ kí ó ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ẹ ní kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú ilé bàbá rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ dé òpin láìfi ẹsẹ Bíbélì kankan dá a lóhùn. Ẹ má ṣe yára sọ pé tiyín kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí bàbá rẹ̀ náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀ rí. Ẹkún rẹ̀ kì í ṣe àìgbàgbọ́. Ẹni tí nǹkan ti dun rí ni ó ń sọ fún yín pé ó dùn òun, ohun tí ó bá sì sọ yóò wúlò fún yín gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́-àgùntàn ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọn yóò kọ́ yín ní kíláàsì lọ.

Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì fún ìgbà díẹ̀, òun náà ni “Ọlọ́run ni ó sọ fún mi.” N kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá ti sọ ọ́, kí ni aya tún lè sọ? Bí ó bá ní owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ń kọ òun lóminú, yóò dà bí ẹni pé Ọlọ́run ni ó ń bá jà. Bí ó bá dákẹ́, ẹ ó rò pé ó ti gbà. Gbólóhùn náà ń ti obìnrin mọ́ igun, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin kò gbà á lérò láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kúkú sọ fún un pé, “Mo rò pé Ọlọ́run ń pè mí, mo sì fẹ́ kí o bá mi wádìí rẹ̀.” Òótọ́ kan náà ni ẹ sọ, ó sì ti di ẹni tí ẹ jọ ń wá ojú Olúwa.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 13. Ìyàwó Mánóà, tí ó wá di ìyá Sámúsónì, ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ yọ sí, òun nìkan. Ohun tí ọkọ gbọ́ kò ju ohun tí ìyàwó fi ẹnu sọ fún un. Mánóà kò pè é ní òpùrọ́, ṣùgbọ́n ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tún rán ẹni náà wá, kí ó kọ́ àwọn méjèèjì ní ohun tí wọn yóò ṣe. Bíbélì sọ pé Ọlọ́run gbọ́ ohùn Mánóà. Áńgẹ́lì náà tún padà wá bá obìnrin yìí nínú oko nígbà tí ọkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, obìnrin náà kò sì jókòó jẹ ẹ́ ní ìgbádùn òun nìkan. Ó sáré lọ pe ọkọ rẹ̀, Mánóà sì wá, ó béèrè ìbéèrè tirẹ̀, áńgẹ́lì sì dá a lóhùn. Ọlọ́run kò bínú sí i pé ó fẹ́ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Bákan náà ni ó rí fún Màríà. Jósẹ́fù ti ń pinnu láti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, a kò sì kà á níbìkan pé Màríà fi agbára mú un gbà. Ọlọ́run ni ó rán áńgẹ́lì sí Jósẹ́fù lójú àlá. Kì í ṣe gbogbo aya ni yóò lá irú àlá bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yóò máa wọ ẹnì kejì lọ́kàn, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àìgbà ẹnì kejì ni Ọlọ́run fi ń sọ fún ẹni àkọ́kọ́ pé àkókò kò tíì tó, tàbí pé ọ̀nà tí ó fẹ́ gbà kọ́ ni ọ̀nà náà.

Ìtàn kan wà tí ó máa ń ká mi lára nígbàkúùgbà tí irú lẹ́tà yìí bá dé. William Carey, tí ó ń ran bàtà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó di oníwàásù, wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì àwọn Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní ọdún 1792. Nígbà tí ó ní òun ń lọ sí Íńdíà, Dorothy, ìyàwó rẹ̀, kọ̀. Oyún wà nínú rẹ̀, kò sì rìn jìnnà sí àwọn ènìyàn rẹ̀ rí. Carey mú àkọ́bí wọn, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi láìsí ìyàwó. Ìrìn àjò náà dàrú, wọ́n sọ wọ́n kalẹ̀, kí wọ́n sì tó rí ọkọ̀ mìíràn, Dorothy ti bímọ. Carey àti John Thomas, oníṣègùn tí wọ́n jọ ń lọ, padà lọ bá abiyamọ yìí, Thomas sì kìlọ̀ fún un pé bí kò bá bá wọn lọ, yóò kábàámọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó gbà, bí àbúrò rẹ̀ obìnrin yóò bá bá a lọ. Oṣù kẹfà ọdún 1793 ni wọ́n gbéra. Ní ọdún 1794, Peter, ọmọ wọn tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, kú. Ọkàn Dorothy dàrú, kò sì bọ̀ sípò mọ́ títí tí ó fi kú ní ọdún 1807. Carey tẹ Májẹ̀mú Tuntun jáde ní èdè Bẹ̀ngálì ní ọdún 1801, iṣẹ́ ńlá ni, èmi kò sì ní fi ẹnu tẹ́ ẹ. Àìsàn àti ikú ọmọ lè ba ọkàn ìyá jẹ́ níbikíbi, nítorí náà n kò ní di gbogbo rẹ̀ ru ọkọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe rí “bẹ́ẹ̀ ni” gbà lẹ́nu Dorothy. Ìpayà ni ó jẹ́ kí ó gbà. Nígbà tí ìbànújẹ́ wá dé, kò sí ìpinnu tirẹ̀ kankan tí ó lè fẹ̀yìn tì.

Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́, orí 7 ẹsẹ 5, pé tọkọtaya kò gbọdọ̀ fi ara wọn du ara wọn, àfi bí wọ́n bá fi ohùn ṣọ̀kan fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè ráyè gbàdúrà. Bí àdúrà ìwọ̀nba ọjọ́ bá nílò ìfohùnṣọ̀kan aya, ohun tí yóò yí gbogbo ayé rẹ̀ padà ńkọ́? Nínú Ìjọ Kátólíìkì, níbi tí ọkùnrin tí ó ti gbéyàwó ti lè di díákónì, ìwé òfin ìjọ náà ti ọdún 1983, ní òfin 1031, sọ pé ó gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọdún 35 ó kéré tán, kí ìyàwó rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ìjọ tiyín lè má kọ ọ́ sínú òfin, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀ kan gbogbo wa. Àwọn kan á ní bí olúkúlùkù bá ń dúró de ìyàwó, ta ni yóò lọ? Ẹ rántí Pétérù. Ó fi àwọ̀n sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú 1 Kọ́ríńtì orí 9 ẹsẹ 5, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Pọ́ọ̀lù ka Kéfà, ìyẹn Pétérù kan náà, mọ́ àwọn tí ń mú aya wọn rìn nínú iṣẹ́ náà. Aya náà kò sọnù sójú ọ̀nà.

Ní ti ohun tí ẹ lè ṣe nísinsìnyí, ẹ má ṣe kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àgọ́ pípa pẹ̀lú Ákúílà àti Pírísílà, a sì ń kọ́ni nínú ilé wọn. Ẹ̀bùn ìkọ́ni tí àwọn alàgbà rí lára yín kò nílò ìwé ẹ̀rí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ẹ gba kíláàsì kan nínú ìjọ, ẹ máa bẹ aláìsàn wò, ẹ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ alẹ́ tàbí láti ilé bí àyè bá wà. Kí ìyàwó yín fi ojú ara rẹ̀ rí irú ọkọ tí iṣẹ́ Ọlọ́run ń sọ yín dà. Bí ẹ bá ti ìpàdé dé tí ẹ sì ráyè gbọ́ tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ, bí ọjọ́ tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ilé bá ń jẹ́ ti ilé lóòótọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni bá pè, ohun tí ó rí nílé bàbá rẹ̀ yóò ní ohun mìíràn tí yóò dojú kọ ọ́. Ìlérí kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ jọ jókòó ti owó pẹ̀lú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò san owó ilé ẹ̀kọ́ yín, kí ni ẹ ó máa jẹ ní àwọn ọdún tí ẹ kò ní gba owó oṣù, ibo ni ẹ ó máa gbé bí ìjọ bá gba ilé rẹ̀ padà. 1 Tímótì orí 5 ẹsẹ 8 kò yọ oníwàásù sílẹ̀ nínú àwọn tí ó gbọ́dọ̀ pèsè fún ará ilé wọn. Kí ẹ sì jọ bá àwọn alàgbà sọ ohun tí wọn yóò retí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ìbẹ̀rù yìí ni mo máa ń bá lọ́kàn ọ̀pọ̀ obìnrin ju ìbẹ̀rù òṣì lọ. Bí ẹ bá di olùṣọ́-àgùntàn, ẹ̀yin ni ìjọ gbà síṣẹ́. Kò di dandan kí ìyàwó yín máa darí ẹgbẹ́ obìnrin tàbí kí ó fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, bí àwọn alàgbà bá sì lè sọ èyí létí rẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹrù kan á sọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kó àwọn alàgbà jọ lé e lórí láti bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá fẹ́ ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, kí ó yan obìnrin tí ó fọkàn tán fúnra rẹ̀.

Bí ó bá wá jẹ́ pé lẹ́yìn gbogbo èyí, tí ẹ ti fún un ní àyè tí ó tó, kò gbà ńkọ́? Èrò mi ni pé kí ẹ má lọ. Mo mọ̀ pé yóò dùn yín. Ṣùgbọ́n 1 Tímótì orí 3 fi àkóso ilé sínú ohun tí a ó fi mọ ẹni tí ó yẹ fún àbójútó ìjọ Ọlọ́run. Ilé tí ó fọ́ nítorí ìpè ti ja ìpè náà níyàn. Òun náà jẹ yín ní gbèsè ohun kan, kí ó má fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan dá yín lóhùn, kí ó sọ ìdí rẹ̀, kí ó sì máa bá yín gbàdúrà lé e lórí. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá dúró, kí ẹ dúró tọkàntọkàn. Ọkọ tí ó ń mí kanlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹlòmíràn bá wàásù ń fi ìyà jẹ ìyàwó rẹ̀ láìgbé ọwọ́ sókè.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Màmá olùdáhùn, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tí ọkọ mi ní Ọlọ́run pe òun, mo ní mo gbà, nítorí pé n kò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ọ̀tá iṣẹ́ Ọlọ́run. Ó ti wà nílé ẹ̀kọ́ Bíbélì báyìí, ó sì ku ọdún kan kí wọ́n fi í joyè. Ọkàn mi kò sí níbẹ̀ rárá. Ṣé kí n sọ̀rọ̀, àbí ó ti pẹ́ jù?

Ẹni tí ó fi ẹnu gbà

ÌDÁHÙN

Arábìnrin wa ọ̀wọ́n, kò tíì pẹ́ jù, ẹ sọ ọ́. Ọdún kan jẹ́ àkókò tí ó pọ̀ tó. Bí wọ́n bá ti gbé ọwọ́ lé e lórí tán, tí ìjọ kan sì ń wo ojú ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣòro sọ ju báyìí lọ, yóò sì dun ọkọ yín ju báyìí lọ pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti mọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtúúbá, nítorí pé ẹ jẹ́ kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òtítọ́ ọkàn yín. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ohun náà gan-an tí ẹ kò lè gbà, kí ó má jẹ́ “ọkàn mi kò sí níbẹ̀” lásán. Ṣé ìṣípòpadà ni? Ṣé owó ni? Ṣé ojú àwọn ènìyàn ni? Ọkọ tí ó mọ ohun tí ó ń ba ìyàwó òun lẹ́rù rí ohun tí yóò ṣe sí i. Èyí tí ó kàn ń rí ìyàwó tí ó rẹ̀ wẹ̀sì yóò kàn rò pé inú bí i ni. Inú lè bí i lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe nítorí èyí kó ọ̀rọ̀ yín jẹ.

Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ẹ jọ lọ rí olórí ilé ẹ̀kọ́ náà tàbí àwọn tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fi í joyè. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ni ó gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti dánu dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó padà wá parí, àwọn tí ó sì ti ń kọ́ olùṣọ́-àgùntàn fún ìgbà pípẹ́ ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tiyín rí. Ní ti orúkọ ọ̀tá iṣẹ́ Ọlọ́run tí ẹ ń bẹ̀rù, n kò rí ibi tí Olúwa ti fi í pe obìnrin tí ó sọ òtítọ́ fún ọkọ rẹ̀.